Kí Ló Dé Tí Kòkó Fi Kúrò ní Agége?

Bí a bá dárúkọ Agége lónìí, búrẹ́dì ni yóò kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ta ni yóò ronú kan kòkó? Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, Agége ni ojú gbogbo ènìyàn ń wò tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń gbin kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ yìí a máa wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí ìjọba bá kéde pé òun ti fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún héktà ilẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ ńlá kan lọ́wọ́, bí ẹni pé bí oko bá ti fẹ̀ tó ni ìkórè rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó.

Àwọn tí ó dá oko Agége kì í ṣe àgbẹ̀ àbínibí. Oníṣòwò Èkó ni púpọ̀ nínú wọn, tí ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó ti ń gba òwò mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni J. K. Coker, ọmọ Ẹ̀gbá, òpómúléró nínú ìjọ African Church, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀. Ní 1907, àwọn olóko náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Agege Planters' Union. Oko wọn tóbi, alágbàṣe ni wọ́n sì fi ń ro ó. Ibi tí wọ́n wà dára fún òwò: èbúté Èkó kò jìnnà, ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 sì gba àdúgbò wọn kọjá.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í wo ojú irin. Yanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ Agége, omi òjò kì í pẹ́ ṣàn lọ nínú rẹ̀. Kòkó ní tirẹ̀ ń fẹ́ ilẹ̀ olórà tí amọ̀ wà nínú rẹ̀, kí ọ̀rinrin lè dúró fún gbòǹgbò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lókè, ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó.

Àwọn alágbàṣe ni ó gbé kòkó débẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá ṣiṣẹ́ ní Agége, wọ́n rí bí wọ́n ti ń gbìn ín, wọ́n gbé èso rẹ̀ lọ sí ìlú wọn. Wọn kò ní owó láti dá oko ńlá. Ìwọ̀nba tí agbára ìdílé ká ni wọ́n ṣán. Wọ́n gbin iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín kòkó. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bo irúgbìn, ilé sì ń jẹun ní ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kòkó kò ì tíì so. Olóko fúnra rẹ̀ ni ó ń kórè, tí ó ń fọ́ ọ, tí ó ń bò ó, tí ó sì ń sá a. Ojú rẹ̀ tó igi kọ̀ọ̀kan.

Ìyàtọ̀ náà hàn kedere nígbà tí owó kòkó gòkè ní 1920, tí ó sì já wálẹ̀ lójijì. Olóko ńlá ní owó alágbàṣe láti san, ó ní gbèsè lọ́rùn, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Àgbẹ̀ kékeré padà sídìí iṣu rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pọ́n èyí lé jù, nítorí òógùn ìyàwó àti ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wà nínú èrè náà.

Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ibi tí oko wà ṣe pàtàkì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya oko etílé sọ́tọ̀ sí oko egàn. Oko etílé kò jìnnà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ ti sábà ṣá. Egàn jìnnà, ó sì lọ́ràá. Nígbà tí ilẹ̀ kòkó Ìbàdàn ń tán lọ, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ kọjá sí egàn Ifẹ̀, wọ́n tẹ abà dó, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ẹni tí ó ń san kòkó lọ́dọọdún fún onílẹ̀ gbà pé ilẹ̀ rere tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjà ilẹ̀ tí èyí bí kò kéré, àmọ́ ìtàn mìíràn nìyẹn.

Èmi kò sọ pé oko kékeré ní gbogbo ìdáhùn. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ fọ́n sí ọ̀nà mẹ́ta kò rọrùn láti yá lówó, ọ̀nà abà rẹ̀ kì í sì í dùn ún rìn lójò. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbìyànjú ọ̀nà mìíràn láti nǹkan bí 1959, nígbà tí Akin Deko jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn. Wọ́n wo àwòkọ́ṣe Ísírẹ́lì, wọ́n dá ibùdó oko sílẹ̀ ní Ìlọrà, Akùfọ̀ àti ibòmíràn, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n sì pín ilẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́. Owó tí ó ná ìjọba lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì fi ibùdó sílẹ̀ gba ìlú lọ. Owó tí ìjọba agbègbè náà fi ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni àjọ tí ń ra kòkó ti yọ sẹ́yìn nínú owó àwọn àgbẹ̀ kékeré tí wọ́n wà ní abà.