Ayé La Bá Ìmàle: Ibojì Bílíkísù Ṣúngbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rí

“Ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé.” Pa òwe yìí ní Ìlọrin, kò sẹ́ni tí yóò bá ọ jiyàn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ gba àròjinlẹ̀. Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ àjèjì títí Òyìnbó fi ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọn ní 1892. Mùsùlùmí ti wà nílùú ṣáájú, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Lẹ́yìn ogun ni ẹ̀sìn náà ràn bí iná ọyẹ́, tí Balógun Kúkù pàápàá fi di Ìmàle. Ká sòótọ́, ọ̀sán kan náà ni Ìmàle àti Ìgbàgbọ́ jọ gbilẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló wá sọ Ìmàle di ti ayé ní Ìjẹ̀bú? Lójú tèmi, ibojì kan ni. Inú igbó ló wà ní Òkè-Ẹ̀rí, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn àgbà ní Bílíkísù Ṣúngbọ́ ló sùn síbẹ̀, opó olówó tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà Erédò kí orúkọ òun má bàa parun. Yàrà náà gùn tó 160 kìlómítà! Mùsùlùmí ní òun ni ọbabìnrin Sábà tó lọ bá Ànábì Sùlèmọ́nù. Onígbàgbọ́ ní Ṣébà inú Bíbélì ni. Àlejò a máa bọ́ bàtà kó tó wọlé. Obìnrin kì í dé ìdí ibojì náà, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ni ín. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná!

Kùránì sọ ìtàn ọbabìnrin náà nínú Súrátù Námìlì, kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn onítúmọ̀ ló pè é ní Bílíkísù. Ayé Sùlèmọ́nù sì ti tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Àwọn awalẹ̀pìtàn kan ní Erédò kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, àwọn mìíràn ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò yìí kò lè so ọbabìnrin náà àti Erédò pọ̀.

Ẹ fi ibojì yìí wé ti Túbà, ní Sẹ̀nẹ̀gà. Níbẹ̀, òkú ló ṣáájú mọ́ṣáláṣí: Ṣeeù Amadou Bamba kú ní 1927, wọ́n sin ín síbẹ̀, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá yí i ká, wọ́n sì ṣí i ní 1963. Ẹ̀sìn kan náà ni òkú àti àwọn tó ń bẹ̀ ẹ́ wò ń ṣe. Ti Òkè-Ẹ̀rí yàtọ̀. Ibojì ti wà nílẹ̀, ẹ̀sìn tuntun bá a, ó sì fún un ní orúkọ tó wà nínú ìwé tirẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni mo kà á sí: Ìmàle tó dé lánàá rí ìyá ńlá tó ti dàgbà ju Ànábì Mùhámọ́dù lọ. Àwọn ààfáà kan kórìíra àbẹ̀wò sí ibojì, wọ́n ní kì í ṣe súnnà. Èrò ṣì ń lọ, àti Mùsùlùmí, àti Onígbàgbọ́, àti oníṣẹ̀ṣe.