Káàdì Ìmẹ̀sí àti oúnjẹ tí ara ọmọ kò gbà

Bí ọmọ oṣù méje bá jẹ ẹyin fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Ìjerò, Arámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lónìí, tí ara rẹ̀ sì sú láàárín wákàtí kan, ìmọ̀ràn tí ìyá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ilé ni pé kí ó má fún un ní ẹyin mọ́. Ìmọ̀ràn náà kò burú lọ́jọ́ náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í sábà dúró lórí ẹyin. Wọn a yọ wàrà kúrò, wọn a yọ ẹ̀pà, ẹ̀wà àti ẹja, títí yóò fi ku ògì nìkan nínú abọ́ ọmọ.

Àyẹ̀wò tí ó lè sọ ohun tí ara ọmọ kọ̀ ní tòótọ́ wà, ara àwọn ọmọdé gan-an ni ìmọ̀ rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní Vienna, Clemens von Pirquet àti Béla Schick ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ tí a fi omi ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ṣe lè ṣàìsàn, àti pé ìgbà kejì máa ń yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 1906, von Pirquet sọ ọ́ ní àlẹ́jì. Lóde òní, wọn a kán omi ohun tí wọ́n fura sí sí apá tàbí ẹ̀yìn ọmọ, wọn a fi abẹ́rẹ́ ta awọ ara níbẹ̀ díẹ̀, wọn a sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n wò ó bóyá yóò wú. Síbẹ̀, ojú ibẹ̀ lè wú kí ọmọ sì máa jẹ oúnjẹ náà láìséwu. Ìdí nìyí tí dókítà tí ó mọṣẹ́ fi ń béèrè ohun tí ìyá fojú ara rẹ̀ rí.

Kí a má rò pé àwa nìkan ni a ń fi ìbẹ̀rù fa oúnjẹ sẹ́yìn. Ní 2000, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn òbí tí àlẹ́jì wà nínú ẹbí wọn má fún ọmọ ní ẹ̀pà títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta. Ní 2015, ìwádìí tí Gideon Lack darí ní London lórí ọmọ 640 dá wọn lẹ́jọ́: àwọn tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà láti kékeré kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àlẹ́jì ẹ̀pà tó àwọn tí wọ́n fi dù. Àyẹ̀wò awọ ara ni wọ́n kọ́kọ́ fi yọ àwọn tí ewu ti hàn lára wọn sọ́tọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí ó ń tẹ̀ lé oúnjẹ tí a fi du ọmọ burú ju ara sísú lọ. Àwọn baba wa ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Ẹran sì jẹ́ ti àgbà. Láti ẹnu àwọn Gá ní Gold Coast ni Cicely Williams ti gbọ́ orúkọ náà kwashiorkor tí ó kọ sínú ìwé ìṣègùn ní 1935: àìsàn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò, tí oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà kò sì tó fún un.

Àyẹ̀wò tí ó kojú ìyẹn, ẹ̀bá ilé wa ni wọ́n ti ṣe é. Ní 1956, David Morley, dókítà ọmọdé ará Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì mú iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Òṣùwọ̀n àti káàdì ni ohun èlò rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ọmọ láti ìgbà ìbí títí dé ọdún márùn-ún, wọ́n ń fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n sì ń so àwọn àmì náà pọ̀ di ìlà. Ibi tí ìlà kọrí sí ni wọ́n ń wò. Bí ó bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn a béèrè ohun tí ọmọ ń jẹ kí ara rẹ̀ tó rù. Ìyá ni ó ń tọ́jú káàdì náà nílé, nínú ọ̀rá. Lójú tèmi, èyí ni ó gbọ́n jù nínú gbogbo ètò náà, nítorí ilé ìwòsàn a máa sọ ìwé nù, ìyá kì í sọ ti ọmọ rẹ̀ nù. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì yìí ti tàn ká ayé.

Ìlú tí ó múlé ti Ìmẹ̀sí-Ilé ni Òkè-Ìmẹ̀sí wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí olú rẹ̀ jẹ́ Arámọ̀kọ. Ìtàn ti so wọ́n pọ̀ tipẹ́: ní Òkè-Ìmẹ̀sí ni Fábùnmi ti tan iná ogun Kírìjì, ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n sì ti buwọ́ lu ìwé àlàáfíà ní 1886. Nígbà tí dókítà Nicholas Cunningham fẹ́ mọ̀ ní àwọn ọdún 1960 bóyá iṣẹ́ Morley ṣàǹfààní, ìlú méjèèjì ni ó fi wéra. Ọmọ tí ó kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé kéré gidigidi sí ti Òkè-Ìmẹ̀sí, níbi tí kò ti sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí pé ìlú Èkìtì ni wọ́n lò bí ìlú tí ohun rere kò tíì dé.

Káàdì kò lè sọ bóyá ẹyin tàbí ẹ̀pà ni ara ọmọ kọ̀. Bí ètè tàbí ahọ́n ọmọ bá wú, tí ó ń mí gúlegúle tàbí tí ó rọ lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn ńlá ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí a ti yọ oúnjẹ mẹ́ta mẹ́rin kúrò fún lórí ìfura lásán, ìlà tí kò gòkè mọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ìyá pé ohun tí a yọ ti pọ̀ jù, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ dókítà èyí tí a lè dá padà. Mo ti ṣí irú káàdì bẹ́ẹ̀ wò lọ́wọ́ àwọn ìyá mélòó kan. Ojú ewé abẹ́rẹ́ àjẹsára kún fún déètì àti ìbuwọ́lùwé. Ojú ewé ìwọ̀n ṣófo, àyàfi àmì kan ṣoṣo ti ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ.