Marion Barry, Méyọ̀ Washington, àti Àwọn Tó Sọdá Southern Avenue



Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Hillcrest Heights lè béèrè pé ta ni Méyọ̀ ibẹ̀. Kò sí. Hillcrest Heights kò ní ìjọba ìlú ti ara rẹ̀. Abẹ́ ìjọba Káúńtì Prince George's ní ìpínlẹ̀ Maryland ló wà. Ṣùgbọ́n títì kan ṣoṣo, Southern Avenue, ló pààlà láàárín rẹ̀ àti Washington. Ẹni tó bá sọdá títì náà ti bọ́ sínú olú ìlú Amẹ́ríkà, ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní Wọ́ọ̀dù 7 àti Wọ́ọ̀dù 8. Méyọ̀ kan jẹ níbẹ̀ rí tí a kò lè sọ ìtàn Hillcrest Heights dáadáa láìdárúkọ rẹ̀. Marion Barry ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, nǹkan mẹ́ta péré la mọ̀ nípa Barry: pé ọlọ́pàá ká a mọ́ ibi tó ti ń fa kokéènì, pé ó ṣẹ̀wọ̀n, àti pé àwọn ará ìlú tún dìbò fún un nígbà tó dé. A sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé òpè ni wọ́n. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tọpa ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1936 ni wọ́n bí Barry ní Itta Bena, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, níbi tí àwọn adúláwọ̀ ti ń ṣe oko òwú. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ìyá rẹ̀ sì kó àwọn ọmọ lọ sí Memphis. Ọmọ tálákà ni, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní LeMoyne College ní 1958, ó sì gba oyè kejì ní Fisk University, ní Nashville, ní 1960. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ ń lọ jókòó sí ilé oúnjẹ tí wọn kì í ti í ta oúnjẹ fún wọn, tí wọ́n sì kọ̀ láti dìde. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí a mọ̀ sí SNCC sílẹ̀, Barry ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe alága. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti di Dókítà nínú kẹ́mísírì ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Ìjà ẹ̀tọ́ gbà á lọ́wọ́ ìwé.

Ní 1965, SNCC rán an lọ sí Washington. Ìlú tí àwọn ará rẹ̀ kò láṣẹ lórí ara wọn ló bá níbẹ̀. Kọmíṣánnà mẹ́ta tí Ààrẹ Amẹ́ríkà yàn ló ń ṣàkóso ìlú, àwọn aṣòfin Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá ló sì di àpò owó mú. Ọdún 1964 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ dìbò yan Ààrẹ. Àwa tí a mọ ìtàn Èkó lè lóye irú nǹkan báyìí. Dókítà Ibiyinka Olorun-Nimbe jẹ Méyọ̀ Èkó láti 1950 sí 1953. Òfin tuntun dé, oyè náà sì parẹ́. Oyè tí ẹlòmíràn bá di gbòǹgbò rẹ̀ mú, kì í ṣe ẹni tó jẹ ẹ́ ló ń pinnu bí yóò ti pẹ́ tó. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a níwájú.

Oṣù kìíní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì fẹ́ fi owó ọkọ̀ kún láti sẹ́ǹtì 20 sí 25. Barry ní kí àwọn ará ìlú má wọ bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn mìíràn sì fi mọ́tò gbé ara wọn, ìjọba kò sì fọwọ́ sí owó tuntun náà mọ́. Ní 1967, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Pride, Inc. sílẹ̀. Owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ láti gbá títì kí wọ́n sì pa eku. Ọ̀dọ́ tí ọlọ́pàá nìkan ń wá kiri tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Inú iṣẹ́ yìí ni Barry ti mọ ohun tí yóò gbé e dépò.

Láti ibẹ̀, ó ń gun àkàbà díẹ̀díẹ̀. Ní 1971, wọ́n dìbò yàn án sínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú, ó sì di alága rẹ̀. Ní òpin ọdún 1973, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin tó fún Washington ní àǹfààní láti yan Méyọ̀ àti kánsù. Walter Washington ni Méyọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn lábẹ́ òfin náà. Barry sì wọ kánsù. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1977, àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọba ìlú. Ìbọn ba Barry ní àyà, díẹ̀ ló kù kó kan ọkàn rẹ̀; oníròyìn ọ̀dọ́ kan, Maurice Williams, sì kú níbẹ̀. Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹsàn-án 1978, Barry fi ìbò díẹ̀ borí Sterling Tucker àti Walter Washington nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democratic. Ọjọ́ 2 oṣù kìíní 1979 ló gorí oyè. Wọ́n tún yàn án ní 1982 àti ní 1986.

Kí ló ṣe? Iṣẹ́ ló fún wọn. Ní 1979 ló bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń wá iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún àwọn ọ̀dọ́, ètò náà sì wà títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ó ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba fún àwọn adúláwọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ nìkan, bí kò ṣe ti ọ̀gá. Ó rí i pé àwọn agbaṣẹ́ṣe adúláwọ̀ rí nínú kọ́ńtíráàtì ìlú. Ilé ńláńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní àárín ìlú. Títí di òní, ẹ ó bá àgbàlagbà pàdé ní agbègbè yìí tí yóò sọ pé ọwọ́ Barry ni òun ti gba owó oṣù àkọ́kọ́.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Hillcrest Heights. Ẹni tó bá níṣẹ́ tó dúró, ilé tirẹ̀ ni yóò wá, pẹ̀lú àgbàlá tí ọmọ lè ṣeré nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ Washington kó ẹrù wọn, wọ́n sọdá Southern Avenue. Ní 1970, Washington ní ènìyàn 756,510. Ní 1990, ó ku 606,900. Ní Káúńtì Prince George's, ìdá 14 nínú 100 ni adúláwọ̀ ní 1970. Ó di 37 ní 1980. Nígbà tó fi máa di 1990, wọ́n ti lé ní ìdajì. Wọ́ọ̀dù 8 péré ni Washington ní, nítorí náà àwọn èèyàn ń fi Káúńtì yìí ṣe àwàdà pé òun ni Wọ́ọ̀dù 9. Kì í ṣe Barry nìkan ló fa ìṣílọ yìí: òfin tó ṣí ọjà ilé fún gbogbo àwọ̀ ní 1968 wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó gbé ga ló kọ́kọ́ kúrò nílùú, àwọn tí kò tíì rí ọ̀nà gbà ló ṣẹ́ kù sí Wọ́ọ̀dù 8.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa ibi tó ti ṣìnà. Owó ìlú ń ṣòfò lábẹ́ rẹ̀. Ivanhoe Donaldson, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà SNCC tó fi ṣe igbákejì Méyọ̀, gbà ní 1985 pé òun jí owó ìlú. Nígbà tí kokéènì ń pa àwọn ọmọ ìlú, tí ó lé ní 470 ènìyàn tí wọ́n pa ní 1990 nìkan, Méyọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń fa kokéènì kan náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 1990, FBI àti ọlọ́pàá ìlú dẹ pàkúté fún un ní hòtẹ́ẹ̀lì Vista, wọ́n sì mú un. Ẹ̀sùn 14 ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Àwọn ará ìlú 12 tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà dá a lẹ́bi lórí ọ̀kan péré, wọ́n dá a láre lórí ọ̀kan, wọn kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí 12 yòókù. Oṣù mẹ́fà ni adájọ́ fún un.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Barry wo ẹ̀yìn, ó sì rí àwọn tó ṣẹ́ kù. Ó jáde ní oṣù kẹrin 1992, Wọ́ọ̀dù 8 ló lọ. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n yàn án sí kánsù. Ní 1994, ó tún di Méyọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. Apá ìwọ̀-oòrùn ìlú, níbi tí àwọn olówó funfun ń gbé, kọ̀ ọ́. Ìlà-oòrùn odò Anacostia gbé e wọlé. Lọ́dún kan náà, lódìkejì títì, Wayne Curry di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe olórí Káúńtì Prince George's.

Ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nípa oyè rèé. Gbèsè ìlú ti lé ní 700 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 1995, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti máa ṣọ́ owó Washington. Ní 1997, wọ́n gba àwọn ẹ̀ka ìjọba tó tóbi jù kúrò lọ́wọ́ Méyọ̀. Ilé-ìkàwé, ibi ìgbafẹ́ àti ọ̀rọ̀ àlejò ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ó lọ ní ìparí sáà rẹ̀, Anthony Williams sì gba ipò náà. Àṣìṣe Barry ló ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé ti ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ará ìlú, àtẹni tó dìbò fún un àtẹni tí kò dìbò, ló jìyà rẹ̀.

Wọ́ọ̀dù 8 kò kọ̀ ọ́. Wọ́n dá a padà sí kánsù ní 2004, 2008 àti 2012, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún jẹ̀bi ọ̀rọ̀ owó orí ní 2005, tí kánsù sì bá a wí ní gbangba ní 2010. Ipò náà ló wà nígbà tó kú ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá 2014, ní ẹni ọdún 78, ní ilé ìwòsàn United Medical Center, ní Southern Avenue gan-an. Ère rẹ̀ dúró níwájú ilé ìjọba ìlú láti 2018.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn tó dìbò fún Barry mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jù wá lọ. Ọmọ wọn ni kokéènì ń pa. Ohun tí wọ́n rò ni pé nínú gbogbo àwọn tó ń bẹ̀ wọ́n, òun nìkan ló ti fún wọn níṣẹ́ rí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí a bá fẹ́ kí irú wọn yan ẹlòmíràn, ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sí ìlà-oòrùn odò. Ṣùgbọ́n oore rẹ̀ kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ di òfo. Ó fi ohun tí ìran rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn fún ní 1966 ṣeré, ọ̀tá sì rí ọ̀nà gbà á.

Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò padà sílé, àwọn mìíràn yóò sì dépò. Ìwé tí a kà kò ní dáàbò bò wá. Barry náà kàwé. Kí a fún àwọn èèyàn wa níṣẹ́ bí ó ti ṣe. Kí a sì máa wo àwọn tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn nígbà tí àwọn tó rí ọ̀nà bá ti sọdá, pàápàá àwa tí a ti sọdá òkun.