Ta Ló Ń Fún Arìnrìn-àjò Lóúnjẹ?

Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Calgary, ní Kánádà, ni òwe yìí ti yé mi dáadáa. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Beltline, àdúgbò kan ní gúúsù àárín ìlú náà. Lọ́jọ́ tí mo ń padà, wọ́n di móín-móín àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ fún mi. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú lo fẹ́ wọ̀, wọn ò ní fún ẹ lóúnjẹ o!"

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, móín-móín kọjá, ọbẹ̀ ò kọjá. Láti ọdún 2006, tí ọlọ́pàá tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ ọkọ̀ òfurufú ní London, ni òfin yìí ti le. Mo jẹ móín-móín tán, ebi ò lọ. Mo bá ra sáńwíìsì kan ní ṣọ́ọ̀bù inú lọ́hùn-ún. Owó rẹ̀ dùn mí.

Ṣé nǹkan tuntun ni kí arìnrìn-àjò máa fowó ara rẹ̀ ra oúnjẹ ni? Rárá o. Nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, tó sì dé Òṣogbo ní 1907, ọjà oúnjẹ bá a dé ìdíkọ̀. Àwọn òbí wa máa ń sọ bí àwọn ìyá ṣe ń gbé ẹ̀kọ, àkàrà àti ẹ̀pà wá sí ojú fèrèsé ọkọ̀. Kíákíá ni wọ́n ń tà, kí ọkọ̀ tó fọn fèrè.

Nínú ọkọ̀ òfurufú pàápàá, rírà ló ṣáájú. Ní oṣù Kẹwàá 1919, ilé-iṣẹ́ Handley Page ta oúnjẹ inú páálí ní ṣílè 3 fún àwọn tó ń lọ láti London sí Paris. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ wá di ara owó ọkọ̀.

Southwest ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, yí i padà: ẹ̀pà ni wọ́n ń fún èrò. Ní 1972, wọ́n ta 1 nínú ọkọ̀ 4 tí wọ́n ní. Kí 3 tó kù lè ṣe iṣẹ́ 4, ìṣẹ́jú 10 péré ni ọkọ̀ fi ń dúró kó tó tún gbéra. Ta ló fẹ́ ráyè kó abọ́ oúnjẹ? Àwòṣe Southwest yìí ni Clive Beddoe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n dá WestJet sílẹ̀ ní Calgary. Ọkọ̀ wọn kọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 29, oṣù Kejì, 1996: ọkọ̀ 3, ìlú 5.

Nítorí náà, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni àlejò, rírà ni onílé. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní ìdíkọ̀ rélùwéè, ìyá alákàrà pọ̀. O lè ná ọjà, o sì lè ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní èènì." Ní pápákọ̀ òfurufú, tí wọ́n bá ti yẹ̀ ọ́ wò tán, ọwọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ lo wà. Kò sí ná-án-ná-án, kò sí èènì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ bi àwọn òbí yín léèrè ohun tí wọ́n ń rà jẹ lójú ọ̀nà nígbà èwe wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ń lọ sí pápákọ̀, ẹ gbé móín-móín, ẹ jẹ ọbẹ̀ tán nílé.