Ọ̀rọ̀ Ààbò Yúróòpù Kàn Wá Ní Etí Òkun

Bí a bá gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ń ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ológun, ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní kò kàn wá, nítorí Nàìjíríà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìtàn orílẹ̀-èdè wa fi èyí hàn láti ọdún òmìnira.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà, ní ilẹ̀ Àlìjíríà. Ààbò ara wọn ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti dán an wò. Nígbà tí wọ́n dán ẹlẹ́ẹ̀kẹta wò ní ìparí ọdún náà, ìjọba Abubakar Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé jáde ní oṣù Kìn-ín-ní, 1961.

Àkókò kan náà ni ariwo ta lórí àdéhùn ológun àárín Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì. Àdéhùn náà fún ọkọ̀ òfurufú ogun Gẹ̀ẹ́sì láyè láti gba ojú òfurufú wa kọjá, kí wọ́n sì balẹ̀ sí ilẹ̀ wa. Àwọn náà yóò bá wa kọ́ àwọn ọmọ ogun wa. Gẹ̀ẹ́sì wà nínú NATO, àwa kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù àwọn alátakò ni pé bí ìjà bá bẹ́ láàárín NATO àti Rọ́ṣíà, a ó bá wọn pín nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Action Group tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kọkànlá 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn lọ fi ẹ̀hónú hàn ní Èkó. Nígbà tí ó di oṣù Kìn-ín-ní 1962, ìjọba méjèèjì fagi lé àdéhùn náà.

Kíkọ̀ ṣe wá láǹfààní nígbà náà, ṣùgbọ́n kíkọ̀ nìkan kò tó. Ní ọdún 2020, nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé lórí òkun káàkiri àgbáyé, 130 ni wọ́n jí gbé ní òkun tí wọ́n ń pè ní Gulf of Guinea. Òkun tí ó wà níwájú Bonny nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń bẹ̀rù àtiwọ Onne, owó ìnṣọ́ránsì yóò gbéra, ẹrù yóò sì wọ́n lójú ọjà wa.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, ẹgbẹ́ EU bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àwọn ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè wọn jọ máa ṣọ́ òkun yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ọkọ̀ ogun Dẹ́nmáàkì, Esbern Snare, pa mẹ́rin nínú àwọn tí wọ́n fura sí pé olè ojú omi ni. Dẹ́nmáàkì fúnra rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ EU, kò tí ì sí nínú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ológun wọn. Ìbò ọdún 2022 ni ó mú un wọlé. Lẹ́yìn ìjà náà, wọ́n fi mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n mú sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ. Ọkọ̀ ogun àlejò lè lé olè, ṣùgbọ́n kò lè bá wa parí ẹjọ́.

Ibẹ̀ ni ipa tiwa wà. Nàìjíríà ṣe òfin olè ojú omi ní 2019. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt yìí ni ó kọ́kọ́ fi òfin náà dá àwọn ènìyàn lẹ́bi, ní oṣù Kẹjọ 2020. Ní oṣù Kẹfà 2021, ìjọba ṣí iṣẹ́ Deep Blue, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti ti òfurufú tiwa. Ní oṣù Kẹta 2022, àjọ IMB yọ orúkọ Nàìjíríà kúrò lára ibi tí olè ojú omi ti gbilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí fún àwọn ọmọ wa. Ẹni tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ ṣì lè jàǹfààní ohun tí ìgbìmọ̀ ṣe, bí ó bá mọ ohun tí yóò gbà, ohun tí yóò kọ̀, àti iṣẹ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.