Afaradòjò àti Akòjò: Wíwá Orúkọ fún Gọ́ọ̀mù Iṣẹ́ Ìta

Káfíńtà tó fẹ́ kan bẹ́ǹṣì síta gbangba mọ igi tó yẹ, ó mọ ìṣó, ó sì mọ ọ̀dà. Gọ́ọ̀mù ló kù. Bó bá dé ìsọ̀, "èyí tí omi ò ràn" ló máa béèrè, ọlọ́jà á sì nawọ́ sí ike tó wọ́n jù. Owó á lọ lórí agbára tí iṣẹ́ náà lè má nílò.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló fà á. Gbólóhùn kan ṣoṣo là ń lò fún ohun méjì tí àwọn tó ń ṣe gọ́ọ̀mù ti yà sọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò ni wọ́n fi ń pín wọn. Fún ìpele tí wọ́n ń pè ní Type II, wọ́n á rẹ igi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ sínú omi fún wákàtí 4, wọ́n á yan án gbẹ nínú ààrò, wọ́n á sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Type I le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á se igi náà nínú omi tó ń hó fún wákàtí 4, wọ́n á yan án gbẹ, wọ́n á tún sè é fún wákàtí 4 mìíràn. Gọ́ọ̀mù Titebond II yege nínú ìdánwò Type II. Titebond III yege nínú ti Type I, ó sì wọ́n ju èkejì rẹ̀ lọ.

Kí la ó wá pè wọ́n? "Akọmi" kọ́kọ́ wuni fún èyí tó le jù, àmọ́ irọ́ wà nínú rẹ̀: àwọn tó ṣe Titebond III fúnra wọn ní kí a má lò ó fún igi tí yóò máa wà lábẹ́ omi. Agbòjò fọ̀nà hàn wá. Ó ń gba òjò, kò sẹ́ni tó ń gbé e wọdò. Nítorí náà, "afaradòjò" yẹ Type II, "akòjò" sì yẹ Type I.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí a fi ń sọ bí gọ́ọ̀mù ṣe ń le náà ṣe pàtàkì. Gọ́ọ̀mù funfun ń gbẹ lóòótọ́, torí omi inú rẹ̀ ló ń jáde lọ. Ti polyurethane kì í gbẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rinrin inú igi àti afẹ́fẹ́ ló fi ń le. Ẹni tí a bá sọ fún pé ó ń "gbẹ" lè lọ sá igi rẹ̀ sóòrùn, nígbà tó yẹ kó fi omi díẹ̀ pa á lára. "Dì" ló tọ́, bí ẹ̀kọ ṣe ń dì nínú ewé láìgbẹ. Gọ́ọ̀mù epoxy náà ń dì, lẹ́yìn tí a bá po ohun inú ike rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "gọ́ọ̀mù aláwẹ́ méjì", bí obì gbànja.

Ẹ̀yin káfíńtà, bí ẹ bá tún dé ìsọ̀, ẹ kọ́kọ́ ronú sí ibi tí iṣẹ́ yín máa wà. Àga abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò nílò ju afaradòjò lọ. Bẹ́ǹṣì tí òjò yóò máa pa lójoojúmọ́ ni kí ẹ náwó akòjò lé lórí.