Triathlon inú ilé: ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é nígbà àkọ́kọ́ mọ̀

Triathlon ni eré-ìje tí ènìyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń gun kẹ̀kẹ́, tó sì ń sáré, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra wọn. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá, "ìdíje mẹ́ta" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1974 ni ẹgbẹ́ àwọn sárésáré kan ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ṣe é lábẹ́ orúkọ yìí. Ó wọ inú Òlíńpíìkì ní Sydney ní ọdún 2000. Ti Òlíńpíìkì gùn gan-an: mítà 1500 nínú omi, kìlómítà 40 lórí kẹ̀kẹ́, kìlómítà 10 ní ẹsẹ̀. Kìlómítà 40 yẹn nìkan ju Àjàṣẹ́ sí Kútọnu lọ.

Kì í ṣe ìyẹn la fẹ́ sọ lónìí. Ní Faransé, Kánádà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà òtútù tí odò tutù bíi yìnyín tí ọ̀nà sì ń yọ̀, àwọn ilé eré ìdárayá máa ń gbé triathlon wọ inú ilé: piscine, kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, àti ẹ̀rọ tí ènìyàn ń sáré lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tapis de course. Àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ máa ń rí ìkéde rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ tàbí níbi iṣẹ́. Wọ́n á pe ilé, wọ́n á ní, "Bàbá, mo fẹ́ lọ ṣe triathlon o." Ilé á dáhùn pé, "Ṣé kì í ṣe èyí tó ń pa ènìyàn?" Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa.

Aago ló ya ti inú ilé sọ́tọ̀. Lọ́pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà ni wọ́n ń là sílẹ̀ fún ènìyàn, àkókò ni. Bí àpẹẹrẹ: ìṣẹ́jú 10 nínú omi, ìṣẹ́jú 30 lórí kẹ̀kẹ́, ìṣẹ́jú 20 lórí tapis, pẹ̀lú ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín wọn láti pa aṣọ dà. Bí wọ́n bá fọn fèrè, gbogbo ènìyàn dúró, wọ́n á sì ka ibi tí olúkúlùkù dé. Ẹnì kan á dúró létí omi láti ka iye ìgbà tí ẹ là á já: bí piscine bá gùn tó mítà 25, ìgbà mẹ́jọ jẹ́ mítà 200. Àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ fẹ́ràn ètò yìí púpọ̀, nítorí ẹni tó yára àti ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, fèrè kan náà ló dá wọn dúró. Kò sí ẹni tí yóò ṣì máa bọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ti wẹ̀ lọ sílé.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló rí báyìí ṣá. Àwọn ọ̀gá nínú eré yìí ní tiwọn, tí wọ́n kọ́kọ́ pè ní Arena Games, tó bẹ̀rẹ̀ ní Rotterdam ní ọdún 2020: mítà 200 nínú omi, kìlómítà 4 lórí kẹ̀kẹ́, kìlómítà 1 lórí tapis, wọ́n á sì tún un ṣe. Nítorí náà kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè: ṣé àkókò ni àbí ọ̀nà?

Omi gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó dàgbà sí etí ọ̀sà l'Ájàṣẹ́ lè mọ̀ ọ́n lú látìgbà èwe. Ẹni tó dàgbà sí Kétu, níbi tí kànga ti jìn tí omi sì ṣọ̀wọ́n, lè pé ọgbọ̀n ọdún kí omi má tíì dé e lọ́rùn rí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lú kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ piscine kékeré. Ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo; ẹnu rẹ̀ ti kún fún omi, àwọn tó wà nítòsí lè rò pé ó ń ṣeré ni. Lójú tiwa, ẹni tí kò bá tíì lè la mítà 25 já nígbà mẹ́rin, kódà kó máa sinmi létí, kó kọ́kọ́ lọ bá maître-nageur kó kọ́ ọ fún oṣù díẹ̀. Ìdíje mìíràn ń bọ̀.

Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n lú, ohun tó máa ń mú un ni ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ariwo pọ̀, àyà ń já, ó ta bí ọfà, èémí sì tán kó tó dé òdìkejì. Ẹ rọra bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fẹ́ èémí síta nínú omi, kí ẹ lè ráyè fà á wọlé bí ẹ bá gbé orí sókè. Kò sẹ́ni tó fi dandan mú yín lúwẹ̀ẹ́ lọ́nà kan: bíi ọ̀pọ̀lọ́ o, ẹ̀yìn o, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń kà á pé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní ojú ọ̀nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní Faransé, wọn kì í sábà gbà kí ọkùnrin wọ ṣòkòtò gbọ̀ọ̀rọ̀ sínú piscine, bonnet sì jẹ́ dandan lọ́pọ̀ ibi. Ẹ ra méjèèjì ṣáájú.

Bí ẹ bá jáde, ẹ nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ tútù nínú bàtà ló ń bó. Obìnrin lè wọ ṣòkòtò kékeré lé maillot rẹ̀ láìbọ́ ọ, ó yá jù bẹ́ẹ̀.

Lórí kẹ̀kẹ́, ẹ kọ́kọ́ tún ìjókòó ṣe: nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí orúnkún ṣì tẹ̀ díẹ̀. Kò sí atẹ́gùn nínú ilé, òógùn á máa ṣàn bí òjò. Ẹ gbé omi àti serviette sítòsí. Ẹ má fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ tán síbẹ̀, nítorí tapis ń dúró dè yín.

Orí tapis ni ẹsẹ̀ máa ń wúwo bí òkúta. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe gbogbo ènìyàn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó máa ń lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi okùn ààbò há ara aṣọ yín: bí ẹ bá yọ̀, òun ló ń pa ẹ̀rọ náà. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó tó gbéra, ẹ má fò lé e. Ẹni tó ń rìn ní kìlómítà 6 ní wákàtí kan á rin kìlómítà 2 nínú ìṣẹ́jú 20. Ẹni tó ń sáré ní 9 á ṣe 3. Rírìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ bá parí, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀, nítorí bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lójijì, ilẹ̀ á dà bíi pé ó ń yí.

Ó kù ọ̀rọ̀ ara. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún tí kì í ṣe eré kankan, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, kó rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní drépanocytose kò gbọdọ̀ lọ láìgba àṣẹ dókítà. Ẹni tó jẹ́ AS náà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá, kó máa mu omi, kó sì má sáré ju agbára rẹ̀ lọ. Irú wọn ti ṣubú rí nígbà eré líle. Bí àyà bá ń dunni tàbí ojú ń ṣú, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pe ènìyàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó láti múra fún ẹni tó ti mọ omi í lú: ẹ lọ sínú omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sáré lẹ́ẹ̀kan. Láwọn ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ẹ máa sáré díẹ̀ ní kété tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹsẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ náà, ẹ jẹun ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú, oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ tí inú yín ti mọ̀. Ẹ̀bà gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀, ìyẹn di alẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ irú kẹ̀kẹ́ àti tapis tí ẹ lò mọ́ ọn, nítorí ẹ̀rọ méjì kì í ka kìlómítà bákan náà.